Gààrí ta lò ń mu, Lọ́yà?

Ojú ìwé mẹ́ta ni lẹ́tà rẹ. O kọ nípa owó oṣù tí kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kó tó tán. O kọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ jáde ní Law School, tó ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Lẹ́kí, tó ń gun jíìpù. O kọ nípa bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ láti Ṣágámù wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láràárọ̀, àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ tí wọ́n ń bèèrè owó aṣọ Ojúde Ọba. Ọdún kẹsàn-án rèé tó o ti jẹ́ lọ́yà ìjọba ìpínlẹ̀, tó ò ń bá wọn pe ẹjọ́. Ìpele 13 lo wà, o kì í ṣe ọmọdé níbẹ̀, o ò sì tíì di ọ̀gá. Ìbéèrè rẹ ni pé ṣé kó o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kó o dúró, kó o máa gba ẹjọ́ aládàáni lábẹ́lẹ̀.

Mo ti gbọ́. Àmọ́ láàárín gbogbo ẹ̀, o sọ ohun kan bí ẹni ń ṣàwàdà. Mo dà á kọ síbí kí àwọn òǹkàwé náà rí i:

"Ẹ tún wo eléyìí, Àǹtí. Ìyá ọmọkùnrin kan wà tí ẹjọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi: 'Lọ́yà ọmọ mi, ẹ ṣeun o.' Kò mọ̀ pé èmi ni mò ń pe ọmọ ẹ̀ lẹ́jọ́! Lọ́jọ́ kan, ó gbé gààrí kóńgò mẹ́ta wá fún mi. Ẹ̀rín pa èmi àti ọlọ́pàá tí a jọ wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa yín.

O dá gààrí náà padà, àbí o mu ún? O ò sọ. Ká ní o dá a padà ni, ò bá ti kọ ọ́, torí o kì í fi ohun rere tó o bá ṣe pamọ́. Mo rí i lójú ìwé kìíní. O mu ún.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí obìnrin yẹn ń rí fún ọ. Kóòtù májísíréètì ni, ẹ kì í dé wíìgì níbẹ̀. Ọlọ́pàá ló wá mú ọmọ rẹ̀ nílé, ó mọ ojú ọlọ́pàá. Adájọ́ jókòó sókè, akọ̀wé kóòtù ń pariwo orúkọ. Ó wá ku obìnrin kan tó wọ dúdú lé funfun, tó ń bá adájọ́ sọ gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó sì ń fi Ìjẹ̀bú dá a lóhùn tó bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ni kó pè ọ́? Abala 36 ìwé òfin wa ní kí wọ́n fi èdè tó yé ẹni tí wọ́n mú ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí abala kankan tó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn.

Èmi náà ti jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì yẹn rí. Wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin, ní kóòtù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ súùtù dúdú, bàtà rẹ̀ ń dán. Mò ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń ra omi tútù fún un. Lọ́jọ́ kẹta tí a lọ, bó ṣe dìde báyìí, mo fi ìgúnpá gún ìyá mi pé ẹ gbọ́, lọ́yà wa fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba kò fara mọ́ béèlì. Omi tí mo rà ṣì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kò tíì mu ún dé ìdajì.

Nítorí náà, má retí kí n bá ọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin lọ́yà rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ òfin kà. Ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà lẹ́yìn ìwé òfin 1999, ní àfikún karùn-ún. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwọ̀n tí àṣà bá gbà á láyè. Ìyá ẹni tí ò ń pè lẹ́jọ́, èwo ni nínú méjèèjì? Má sọ fún mi pé kóńgò mẹ́ta péré ni. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Gààrí ni tìrẹ, ti Ìjẹ̀bú pàápàá, èyí tó kan dáadáa.

Síbẹ̀, gààrí kọ́ ló bí mi nínú jù. O ní bàbá rẹ fi Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ ṣe àwòkọ́ṣe fún ọ títí o fi lọ ka òfin. Ó dáa. Nígbà tí ìjọba fẹ̀sùn kan Awólọ́wọ̀ ní 1962, ó yan lọ́yà kan láti ìlú òyìnbó. Ìjọba ò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Awólọ́wọ̀ gbé mínísítà lọ sí kóòtù lórí ẹ̀, kò sì rí i gbà. Lọ́yà ni òun fúnra rẹ̀ o, àwọn lọ́yà ló sì yí i ká, síbẹ̀ ó jà nítorí ẹni tí yóò dúró fún un. Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó kò jà. Kò wá ẹnikẹ́ni. Ó rò pé òun ti ní ọ.

Mo tún yí ojú ìwé, mo rí eléyìí: "Fáìlì ọmọ náà ṣì wà lórí tábìlì mi láti oṣù kejì, kò sí nǹkan gidi nínú ẹ̀, àwọn kan ló kánjú mú ọmọ náà." Oṣù kẹsàn-án la wà yìí. Ọmọ ọdún 19 ni, wọ́n kó o mọ́ àwọn tí wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ọ, ló bá ní kí wọ́n lọ fi ọmọ náà sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà tó ń bá ìjọba pe ẹjọ́. Ìmọ̀ràn wo? Èyí tó yẹ kó o kọ ni! Ìwọ lo jókòó lé fáìlì, ìwọ náà lò ń dìde lọ́jọ́ ẹjọ́ láti sọ fún adájọ́ pé ìmọ̀ràn kò tíì jáde. Wọ́n á sún un síwájú. Obìnrin yẹn á wá kúnlẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Abala 35 ní ẹni tó wà látìmọ́lé kò gbọdọ̀ kọjá oṣù méjì láìjẹ́ pé ẹjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀, àmọ́ ó yọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó la ikú lọ sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìfura tó nídìí ni òfin wí. Ìwọ fúnra rẹ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí mi pé kò sí nǹkan gidi nínú fáìlì náà. Ìdí dà?

Ní ti ìbéèrè rẹ: ẹjọ́ aládàáni lábẹ́lẹ̀, àfikún karùn-ún kan náà ní rárá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló fàyè gbà fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Tó o bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ wà ní Rẹ́mọ. Lẹ́kí ńkọ́? Lọ, tó o bá fẹ́ lọ, àmọ́ kì í ṣe kí fáìlì yẹn tó kúrò lórí tábìlì rẹ, torí ẹni tó bá jogún ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Aṣọ Ojúde Ọba, sọ fún wọn pé o ò ní owó. Ṣèbí wọ́n mọ ẹni tó ń sanwó fún ọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, kọ ìmọ̀ràn náà bó o ṣe rí i nínú fáìlì, kó o gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá tún pé, dé kí adájọ́ tó jókòó. Pe ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí akọ̀wé kóòtù wà níbẹ̀, torí tìrẹ náà. Fi Ìjẹ̀bú sọ ọ́ fún un pé ìwọ kọ́ ni lọ́yà ọmọ rẹ̀, pé ìjọba tó ń pe ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ lò ń ṣiṣẹ́ fún. Á pariwo. Jẹ́ kó pariwo. Tó bá dákẹ́, júwe Legal Aid Council fún un: òfin 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn ₦70,000 láti 2024, lè rí lọ́yà gbà lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ẹjọ́ ìpànìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà.

Bọ́ọ̀sì rẹ á ti já ọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Yà sí Òkè-Ajé, kó o ra kóńgò mẹ́ta. Dúró tì wọ́n kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó kún, kó ga lórí. Tó o bá gbé e fún un, má pè é lẹ́bùn. Sọ fún un pé gààrí rẹ̀ ni.