E6 ni àbí hit? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìwé síkọ́ọ̀ yìí o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin òbí. Houston là ń gbé àmọ́ a wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Gwarinpa, Abuja níbí. Tèmi ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, softball (eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á sì sáré láti béèsì dé béèsì) ló ń jẹ softball ló ń mu, ló bá rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń gbá a ní pápá ẹ̀yìn ilé, ó ní dandan òun á bá wọn gbá a. Mo jókòó tèmi jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi dongoyaro, mò ń jẹ ẹ̀pà mi, kóòṣì wọn kàn gbé ìwé síkọ́ọ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ pé Mummy, ṣebí Amẹ́ríkà lẹ ti wá, ẹ bá wa kọ ọ́ jàre. Mo mọ nọ́ńbà wọn o, pitcher tó ń ju bọ́ọ̀lù ni 1, catcher tó ń mú un lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a ni 2, shortstop tó ń dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta ni 6, E sì ni error, àṣìṣe ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù. Hit ni tẹ́ni tó gbá a bá fi gbígbá ara ẹ̀ dé béèsì. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wá fojú mi rí màbo. Àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù ń yí bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́dọ̀ shortstop, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti la ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, àfi bí bọ́ọ̀lù ṣe forí sọ òkúta tó fò kọjá èjìká ẹ̀. Mo kọ E6. Ìyá ọmọ yẹn fò dìde, "Haba Mummy Amẹ́ríkà! Ṣé ọmọ mi ló gbé òkúta síbẹ̀ ni?" Ìkejì, ẹnìkan wà ní béèsì kìíní, wọ́n gbá a sí shortstop, ó jù ú sí béèsì kejì, wọ́n pa ẹni iwájú (ó di out), ẹni tó gbá a dé béèsì kìíní láyọ̀, mo fún un ní hit, wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù lọ ba ọmọ tó ń sáré lẹ́sẹ̀! Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Mummy Tèmi, ẹ kú ìnáwó ọdún o. Calgary lèmi wà, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ síkọ́ọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ mi ọkùnrin, àmọ́ Kaduna ni wọ́n ti bí mi, irú ilẹ̀ pupa tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn ló bó mi lórúnkún, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ìyá ọmọ yẹn ló jàre. Hit ni. Ìwé òfin ò béèrè bóyá bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ohun tó ń béèrè ni pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá níwọ̀nba, tó dúró síbẹ̀ yẹn, nínú irú líìgì yẹn, ṣé ó yẹ kó mú u láìṣe pé ó pa itú kankan? Wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé ká wo bí pápá ṣe rí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí ká tó dájọ́. Òkúta Gwarinpa wà nínú ẹ̀ nìyẹn, eruku ọyẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ta lódì báyìí, tàbí tó forí sọ béèsì kó tó kan ẹnikẹ́ni, ti ẹni tó gbá a ni.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá fìyẹn rẹ́ yín jẹ o. Bọ́ọ̀lù tó yí bọ̀ tààrà tó gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, E6 ni, bí ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ibí yìí làwọn òbí ti máa ń bá mi jà, wọ́n á ní ṣebí kò kàn án? Bó sì jẹ́ pé ó mú bọ́ọ̀lù dáadáa, ó wá dúró tó ń wo ọ̀tún wo òsì títí ẹni yẹn fi dé béèsì, kì í ṣe error, ìwé ò lórúkọ fún kéèyàn máa ronú pẹ́.

Ìkejì yẹn, wọ́n bá yín sọ òótọ́. Tí wọ́n bá ti pa ẹni iwájú ní béèsì tó di dandan fún un láti sá lọ, kò lè jẹ́ hit, FC (fielder's choice, ìyẹn ni pé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù yàn láti pa ẹlòmíì) lẹ máa kọ, kẹ́ ẹ kọ 6-4 fún ẹni tó kú, ìyẹn ni pé 6 jù ú sí 4 tó ń ṣọ́ béèsì kejì. Ó ṣì máa kà mọ́ iye ìgbà tó gbá a o. Ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin tó ní hit 2, .500 ni (ẹ fi iye ìgbà tó gbá a pín hit ẹ̀), ẹ bá yọ FC tẹ́ ẹ pè ní hit kúrò, ó di .250. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni lójú ọmọ ọdún 11.

Ẹ̀kẹta ló máa yà yín lẹ́nu. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bà kú, ẹni tó gbá a sì gba hit, àfi tó bá jẹ́ infield fly (bọ́ọ̀lù tó fò sókè tó rọrùn láti mú, tí rẹfirí ti pe ẹni tó gbá a ní out)! Pípa yẹn, ẹ kọ ọ́ fún ọmọ tó wà nítòsí ibẹ̀ jù.

Tó bá wá dọ́gba lójú yín, ẹ fún ẹni tó gbá a, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Pẹ́ńsùlù sì ni kẹ́ ẹ máa fi kọ ọ́, àwọn tó ń kọ ọ́ fún MLB, líìgì baseball ńlá Amẹ́ríkà, gan-an ní wákàtí 24 láti yí ohùn wọn padà. Ẹ fi rọ́bà pa E6 yẹn, ẹ kọ 1B (hit béèsì kan) síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún ìyá ọmọ yẹn pé tí bọ́ọ̀lù bá fi lè gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ kọjá lọ́la, ẹ ò ní mojú o.