Èsì: Kí lẹ rí nínú fíìmù kàráté Japan àtijọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí la rí nínú fíìmù kàráté Japan ayé ìgbà yẹn, pé àṣejù ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àṣejù yẹn gan-an la ń wò o! Ẹ wo The Street Fighter tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Toei ṣe ní 1974, Sonny Chiba, olórí òṣèré ibẹ̀, á kọ́kọ́ le ojú koko, á máa mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bíi màlúù tó fẹ́ kàn, ìgbà tó wá sọ ẹ̀ṣẹ́ lu ẹnì kan lórí, ṣàdédé ni wọ́n gbé àwòrán X-ray wá, agbárí fọ́ kẹ́ú, ẹ̀jẹ̀ bá ń tú lẹ́nu. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo dá a padà wò. Ní Amẹ́ríkà, X, àmì fíìmù àgbàlagbà nìkan, ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, torí ìjà o, kì í ṣe torí ìhòòhò. Ṣùgbọ́n Chiba mọ̀ ọ́n jà lóòótọ́, ọ̀dọ̀ Mas Oyama, ọ̀gá kàráté, ló ti kọ́ ọ, ìtàn fíìmù yẹn ni ò fi bẹ́ẹ̀ lórí. Èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bò lóhùn ni kẹ́ ẹ wá, bí ẹnu àti ohùn ò ṣe bára mu yẹn wà lára adùn ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó rẹwà lẹ fẹ́, ẹ wo Lady Snowblood, 1973, ti idà nìyẹn, kì í ṣe kàráté, Meiko Kaji ni olórí òṣèré ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò lórí yìnyín funfun.