Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, ṣé ìbò ibẹ̀ jẹ́ tiwa-n-tiwa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bá mi jiyàn pé ìbò Kúbà dáa ju tiwa lọ torí wọn kì í fowó ra ìbò, pé pátì kan ṣoṣo ò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Mo ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ti bi mí léyìí tipẹ́, ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rárá. Àmọ́ kì í ṣe torí iye pátì o, ibẹ̀ lẹ ti ń ṣì í. Lọ́dún 1998 nílé wa níbí pátì márùn-ún ló wà, márààrún fa Abacha nìkan kalẹ̀, Bọ́lá Ìgè pè wọ́n ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ohun tó yẹ kó o bèèrè ni pé, ṣé ará ìlú lè lé ẹni tó ń ṣèjọba lọ láìjẹ́ pé aláṣẹ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa yan ẹni tó máa bá a du ipò?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ṣebí èèyàn méjì ló díje, ṣebí wọ́n dìbò." Gba Tànsáníà ọdún 1965 yẹ̀wò, torí òun gan-an ló dáa jù nínú àwọn ìlú oní-pátì-kan, mi ò fẹ́ fi èyí tó burú jù tàn ẹ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú TANU nìkan ni pátì lórí ilẹ̀ ńlá ibẹ̀ (Zanzibar ní tiẹ̀ lọ́tọ̀), àmọ́ èèyàn méjì ló ń díje ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ọ̀kan ní àmì ọkọ́, èkejì ní àmì ilé, ìbò ọ̀hún sì múná débi pé Paul Bomani tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó pàdánù. Ó wú mi lórí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fọwọ́ sí àwọn méjèèjì yẹn? Àwọn àgbà TANU ni. Ṣé ọ̀kan nínú wọn lè dìde lórí pèpéle kó ní ètò TANU ò dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ẹlòmíì wọlé? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bomani lọ, TANU jókòó síbẹ̀. Ní ti Nyerere tó jẹ́ ààrẹ fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n dì, kò sí ẹnì kejì.

Kẹ́ńyà 1988 tún burú, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ KANU, pátì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, lójú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì ní ju ìdá 70 nínú 100 lọ ti wọlé nìyẹn, kò sí ìbò ìkọ̀kọ̀ mọ́.

Ní ti Kúbà, ní àdúgbò lóòótọ́ àwọn èèyàn ń nawọ́ sókè fa ara wọn kalẹ̀ láti díje, ìyẹn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní 2023, ìjókòó 470, olùdíje 470. Ọ̀rẹ́ ẹ sọ òótọ́ nípa owó, àrùn tiwa nìyẹn, àmọ́ àrùn tiwa ò sọ tiwọn di ìlera.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni kó o kọ sínú ìdánwò ẹ. Kérékou, ọ̀gá ṣọ́jà kan, gbàjọba ní 1972, lábẹ́ pátì ẹ̀ kan ṣoṣo kò sí bí wọ́n ṣe lè fìbò yọ ọ́, àfìgbà tí ìpàdé àpapọ̀ 1990 ṣílẹ̀kùn fáwọn míì, Soglo tó bá a du ipò ààrẹ sì fìbò na ọkùnrin náà ní 1991. Ní 1996 àwọn ará ìlú kan náà tún dìbò gbé Kérékou padà wọlé, fúnra wọn. Àmọ́ jọ̀ọ́, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ bó ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ túmọ̀ "tiwa-n-tiwa", torí àwọn kan ń kọ́ ọ lọ́nà míì, mi ò fẹ́ kí wọ́n torí mi gé máàkì ẹ.