Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Bàbá mi ní kí n má di dírẹ́bà páálí

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti dé Houston níbí. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì nílé, àmọ́ ọkọ̀ páálí ni mò ń wà báyìí fún agbaṣẹ́ṣe kan. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Owó ń wọlé lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. UPS, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pín ẹrù kiri, ti wá pè mí pé kí n máa wá kó ẹrù sínú ọkọ̀ lóru nílé ìkẹ́rùsí wọn, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, pé tó bá yá mo lè di awakọ̀. Tí mo bá gbà, owó ọ̀sẹ̀ mi á dínkù. Oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú ìyàwó mi. Bàbá mi ní òun ò rán mi níwèé kí n lè di dírẹ́bà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní awakọ̀ UPS ń gba $170,000 lọ́dún. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Alákọ̀wé, Houston

Ìdáhùn

Àbúrò mi, èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí, awakọ̀ UPS ni mí. Mo kí ọ, mo kí aya rẹ. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ sórí $170,000 yẹn, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ọ̀gá àgbà UPS ló sọ ọ́ lóṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí àdéhùn tuntun láàárín ilé iṣẹ́ náà àti Teamsters, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ń wọlé. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún náà bá fi máa parí, owó àti àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn tí awakọ̀ ojúmọ́ kíkún ń gbà á tó bí $170,000 lọ́dún. Àwọn èèyàn gbọ́ iye owó, wọn ò gbọ́ “àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn.” Ìwọ lo ka ìṣirò owó, bá mi ṣe é. Owó wákàtí àwọn tó ti dé òkè á tó $49 ní ìparí àdéhùn. Sọ ọ́ di ọ̀nà 40, kí o tún sọ ìyẹn di ọ̀nà 52: $101,920 ni, kí ìjọba tó yọ owó orí. Inú èyí tó kù ni owó ìtọ́jú ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì wà, ìyẹn kì í wọ àpò ẹni. Má ṣe fojú kéré rẹ̀ o. Apá tí kì í wọ àpò yẹn gan-an ló gbé ilé mi ró, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n má torí $170,000 lọ yá owó ilé.

Kì í sì í ṣe owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún mẹ́rin ni awakọ̀ fi ń gun àkàbà kó tó débi owó tó ga jù. Níbi tí wọ́n pè ọ́ sí yìí, $21 fún wákàtí kan ni àdéhùn 2023 fi bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lóòjọ́ ni wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ fún ọ. Ẹlòmíràn á dúró fún oṣù díẹ̀ kí àyè awakọ̀ tó ṣí, ẹlòmíràn á dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún mẹ́ta ni èmi fi kó ẹrù lóru, láti 2011 títí di 2014.

Mo ti wà níbi tí o wà yìí. Kí n tó dé UPS, agbaṣẹ́ṣe kan ni èmi náà ń wa ọkọ̀ fún, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lóṣù Kejìlá, òjò ń rọ̀, mo gbé páálí kan gòkè àkàbà ilé alájà mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi sì yẹ̀ nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ṣì pín páálí tó kù tán, torí ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó fi máa di alẹ́, bàtà ò ṣeé bọ́ mọ́, ìyàwó mi ló fi sáàsì gé okùn rẹ̀. Mo pè wọ́n pé n kò ní lè dé lọ́la. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ fún mi mọ́. Wọ́n sì jẹ mí ní owó ọjọ́ mẹ́fà. Mo pè títí, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹnì kankan lábẹ́ ọ̀run tó yẹ kí n bi pé kí ni mo ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé owó nìkan kọ́ ni ká máa wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni ti ní ẹni tó máa gbọ́ ọ ni ká wá. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọdún 1903 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Teamsters sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn tó ń da ẹṣin wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún 1907 ni UPS fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Seattle. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn 2023, òṣìṣẹ́ UPS bí 340,000 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ni àdéhùn ń ṣe fún ọ? Tí owó rẹ bá dín, aṣojú ẹgbẹ́ wà lásìkò iṣẹ́ rẹ tí á bá ọ kọ ìwé ẹ̀sùn, ìwé náà ní ibi tó ń lọ àti ẹni tó gbọ́dọ̀ fèsì sí i. Tí ọ̀gá bá pè ọ́ sí yàrá láti fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, tí o sì rí i pé ó lè já sí ìyà, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí aṣojú ẹgbẹ́ jókòó tì ọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló fi ìdí ìyẹn múlẹ̀ lọ́dún 1975. Ìwọ ni o gbọ́dọ̀ bèèrè o, torí kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá rán ọ létí.

Ẹnikẹ́ni kò lè fi dandan mú ọ san owó ẹgbẹ́ ní Texas. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1947. Owó náà tó iṣẹ́ wákàtí méjì àbọ̀ lóṣù. Àdéhùn bo ẹni tó san, ó bo ẹni tí ò san. Mo bẹ̀ ọ́, san án. Àgbà kan tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ UPS 185,000 tó yanṣẹ́ lódì lóṣù kẹjọ ọdún 1997. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi wà nínú oòrùn, $55 lọ́sẹ̀ ni ẹgbẹ́ rí fún wọn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jáde ni pé kí àwọn oníwákàtí díẹ̀ bí ìwọ lè rí ọ̀nà di oníṣẹ́ ojúmọ́ kíkún, ilé iṣẹ́ sì gbà láti dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 10,000 sílẹ̀. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, a jọ ń to páálí ni, kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ìwọ ni mo dúró fún, n kò kàn tíì mọ orúkọ rẹ nígbà yẹn ni.” N kò lè jẹ lára oúnjẹ ọkùnrin yẹn kí n má dá nínú owó ọbẹ̀.

Nǹkan kejì tó wà nínú àdéhùn ni ọdún tí o ti lò. Ẹni tó bá tètè jí ló ń pọn omi tó tòrò. Ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n fi ń to orúkọ: ẹni tó pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ mú ojú ọ̀nà tó wù ú, òun ló ń kọ́kọ́ mú ọ̀sẹ̀ ìsinmi. Ọ̀gá kò lè torí pé o kí i dáadáa gbé ọ ga, kò sì lè torí pé o dà á lóhùn fà ọ́ sẹ́yìn. Èmi tí mo ti rí ibi tí ojú rere ti jẹ́ owó oṣù, ìyẹn nìkan tó fún mi. Nítorí náà, gbogbo oṣù tí o bá fi ń rò ó, ẹlòmíràn ń dé ṣíwájú rẹ.

Wàyí o, ara ló ń san án. Lóṣù kẹjọ ní Houston, tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn tó wà láàárín ìjókòó mi àti ẹ̀yìn ọkọ̀, ooru á jáde sí mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò àmàlà. Òrùlé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ká lè ríran, oòrùn sì ń bá ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mo máa ń ti wo nọ́mbà páálí mẹ́rin tàbí márùn-ún níwájú kí n tó wọ ibẹ̀, kí n kó wọn lẹ́ẹ̀kan, kí n jáde. Àdéhùn 2023 ló sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá rà láti oṣù kìíní ọdún 2024 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì gba fáànù. Orúnkún mi ọ̀tún ń sọ ọjọ́ òjò fún mi báyìí. Láti Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn lóṣù kọkànlá, títí di Kérésì, àwọn ọmọ mi ti ń sùn kí n tó délé. Tí o bá ń bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ dípò kí o di irin mú kí o sọ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, o ò ní lò ó pẹ́.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń rìn ojú ọ̀nà kan náà. Mo mọ ajá tó ń gbó lásán àtèyí tó máa ń dákẹ́ kó tó bu èèyàn jẹ. Ìyá àgbà kan wà tí oògùn rẹ̀ máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Tuesday. Ó máa ń gbé àga jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti aago méjì. N kì í fi páálí rẹ̀ sílẹ̀ lórí àkàbà, mo máa ń gbé e lé e lọ́wọ́. Tí mo bá sì pa ọkọ̀ lálẹ́, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lágogo mọ́kànlá òru pé iye yìí ò bá iye yẹn mu.

N kò ní tàn ọ́: ẹgbẹ́ kò lè dá ẹrù padà sínú ọkọ̀ tí kò bá sí ẹrù. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, UPS kéde pé òun máa dín iṣẹ́ 20,000 kù, òun sì máa ti ilé 73, torí pé òun ń dín ẹrù Amazon tí òun ń gbé kù ju ìdajì lọ. Ilé iṣẹ́ Yellow, tí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé ẹrù fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín ọ̀kan, wó lulẹ̀ lọ́dún 2023 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ bí 30,000, Teamsters ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó ìfẹ̀yìntì náà kì í ṣe òkúta: àpò Central States tó ń bọ́ àwọn awakọ̀ àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó dìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde bí $36 bílíọ̀nù fún un níparí ọdún 2022 kí ọkàn àwọn àgbà tó balẹ̀. Tí iṣẹ́ bá sì dín, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ní kó lọ sinmi nílé. Ìwọ nìyẹn, ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ. Nítorí náà, tí o bá di awakọ̀, owó wákàtí 40 ni kí o fi gbé ilé. Ófátáìmù, fi pamọ́. Mo ti rí ẹni tó fi ófátáìmù ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì lóṣù Kejìlá, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o gbà á, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó fi ibi tí o wà sílẹ̀. Béèrè ọjọ́ náà gan-an tí ìtọ́jú ìlera ẹni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí o bá wọlé, ọmọ sì lè dé ṣíwájú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ fi ń gba ìtọ́jú báyìí, ẹ má jẹ́ kó já. Iṣẹ́ òru á sì fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ọ: fi ọjọ́ díẹ̀ wa ọkọ̀ tó o ń wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá gbà, kí o sì fi ìyókù kàwé ìdánwò ìṣirò owó ti ibí. Ìwé ẹ̀rí rẹ kò bàjẹ́.

Ti bàbá, ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, ó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ wa kejì. Ìwé ilé ìwòsàn dé nígbà tí a wà ní ilé ìdáná, iye tó wà lókè lé ní $40,000. Ìyá mi ní kí n ka iye náà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé ọmọ lé èjìká, kò sọ̀rọ̀. Mo wá fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà hàn án, níbi tí wọ́n kọ èyí tó kàn wá sí: kò tó owó táyà mẹ́rin. Ó bi mí pé ta ló san ìyókù. Mo ní iṣẹ́ dírẹ́bà mi ni. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í pe iṣẹ́ mi ní nǹkan mìíràn mọ́. Tìrẹ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yé bàbá. Má bá wọn jiyàn.

Lóru àkọ́kọ́ tí o bá máa lọ, wọ bàtà tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn, gbé omi méjì dání. Béèrè pé ta ni aṣojú ẹgbẹ́ lásìkò iṣẹ́ yẹn, kí o sì ti gba nọ́mbà rẹ̀ sínú fóònù rẹ kí o tó gbé páálí àkọ́kọ́.