Ẹ̀jẹ̀ iyèkan, ẹ̀jẹ̀ ọbàkan: ìdáhùn fún ẹbí ẹni tí ogun gbé lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sójú ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, kò sì padà wálé. Mo gbọ́ pé wọ́n ń rí egungun àwọn tó sọnù ní Bosnia, wọ́n sì ń sin wọ́n. Bí wọ́n bá rí ti èèyàn wa, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n máa gbà? Ṣé a lè sin ín bí egungun náà kò bá pé?
*Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀rù, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o. Àìrí òkú sin kì í jẹ́ kí ọ̀fọ̀ tán nílé.

Ẹ kọ orúkọ ẹbí sílẹ̀ báyìí, kí ẹ sì ya iyèkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan. Òbí olóògbé àti ọmọ tó bí ni ẹ̀rí wọn lágbára jù. Bí wọn ò bá sí, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́: gbogbo iyèkan olóògbé ló ní in, àwọn ọmọ tí iyèkan rẹ̀ obìnrin bí náà ní in. Òmíràn ń ti ara bàbá lọ sára ọmọkùnrin nìkan: ọbàkan rẹ̀ ọkùnrin ní in, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ náà ní in. Ilé olórogún ni wàhálà wà. Bí ẹ bá pe ọbàkan ní iyèkan torí pé ẹ jọ dàgbà, ẹ ti ṣi àyẹ̀wò lọ́nà. Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tètè gba tiwọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí káàdì, tàbí òwú tí wọ́n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti tó.

Ẹ kọ eyín tó ti yọ, egungun tó ti dá rí àti bó ṣe ga tó sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí ni pé ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń ba àmì tí wọ́n ń wá nínú egungun jẹ́.

Ẹ lè sin ín bí kò bá pé. Ní Srebrenica, ìlú kan ní Bosnia, níbi tí wọ́n ti pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000 ní oṣù Keje 1995, àwọn apààyàn fi kátápílà hú òkú, wọ́n kó wọn lọ sí kòtò mìíràn láti fi ìwà wọn pamọ́. Torí ẹ̀ ni egungun ẹnì kan ṣe ń jáde láti kòtò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹbí ló ń pinnu bóyá kí wọ́n sin ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ tàbí kí wọ́n dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje lọ́dọọdún ni wọ́n ń sin àwọn tí wọ́n bá ti dá mọ̀ ní itẹ́ òkú Potočari, nítòsí ìlú náà, wọ́n sì máa ń ṣí sàréè mìíràn láti fi egungun tuntun kún un. Nílẹ̀ wa náà, irun àti èékánná ẹni tó kú sídàálẹ̀ làwọn baba wa ń mú wálé sin.

Ẹ má wẹ egungun kí wọ́n tó gé ti àyẹ̀wò lára itan tàbí kí wọ́n mú eyín; bílíìṣì burú jù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ tò ó láti orí dé ẹsẹ̀ lórí aṣọ funfun, kí ẹ kà á mọ́ ìwé dókítà. Ti àgbàlagbà tó pé jẹ́ 206. Pósí ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ máa gbà á, torí egungun itan ló gùn jù. Ẹ fi awẹ́ kọnkéré tó ṣeé gbé bo sàréè, ẹ má tètè lẹ táìsì. Kí nọ́ńbà àyẹ̀wò wà nínú pósí, lórí ike, torí bébà máa jẹrà.