Ọmọ mi ò rí oúnjẹ jẹ ní Jámánì, ṣé kí n máa fi gàrí ránṣẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin ń kàwé ní Jámánì, láti kékeré ló ti máa ń ṣa oúnjẹ jẹ. Gàrí àti indomie nìkan ló ń jẹ níbẹ̀, tó bá ti gbóòórùn oúnjẹ wọn báyìí, èébì ń gbé e nìyẹn. Bàbá ẹ̀ ní ká jẹ́ kí ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Mà, ẹ máa fi gàrí ránṣẹ́ o jàre. Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn, ebi ò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ̀rù oúnjẹ tí ò mọ̀ rí ló ń bà á, tẹ́ ẹ bá sì fi túláàsì mú un ńṣe ló máa kórìíra ẹ̀ pátápátá. (Ẹ má fi ẹran tàbí pọ̀nmọ́ sínú páálí yẹn ṣá, kọ́sítọ́ọ̀mù Yúróòpù ò gbà á.)

Ṣé gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ló ń jẹ? Ẹnu ẹ̀ ti mọ kíkan nìyẹn, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Jámánì ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní Sauerkraut, kábéèjì ni, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á wá fi sílẹ̀ títí á fi kan, bí pákí tá a lọ ṣe ń kan nínú àpò gẹ́lẹ́. Kó bu ṣíbí kan péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata tó mọ̀, kó tọ́ ọ wò, tó bá fẹ́ tu ú dànù kó tu ú, kó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹnu tó gba nǹkan tuntun, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn, wọ́n á tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣá o. Tó bá jẹ́ òórùn ló ń lé e, kó jẹ́ kó tutù díẹ̀, èyí tó gbóná fẹlifẹli ló ń rùn jù.

Ní báyìí ná, kó máa fi ẹyin tàbí ẹja inú agolo sí gàrí àti indomie yẹn, torí àwọn méjèèjì ò lè gbé ara ró.

Àmọ́ tó bá ń rù, tàbí tí ètè ẹ̀ ń wú, tí ọ̀fun ń yún un lẹ́yìn oúnjẹ kan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíṣa oúnjẹ mọ́, kó tètè lọ rí dókítà níbẹ̀.