Láptọ́ọ̀pù tuntun: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjìníà. Mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun fún ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Poly Ìbàdàn, Accountancy ló ń kọ́. Windows 11 Home ló bá a wá látinú páálí. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ní Windows 11 ti wúwo jù, ó ní Home ò pé, pé òun á fọ́ọ̀mátì ẹ̀, òun á lóòdù Windows 10 Pro sí i, òun á fi activator ti láéláé sí i, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí Windows tí wọn ò sanwó ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ojúlówó, òun á sì pa update ẹ̀ kó má baà máa jẹ dátà, ₦10,000 ni. Àbúrò mi ní tiẹ̀ ní Linux, ìyẹn ètò míì tí wọ́n ń lò dípò Windows, ni ká fi sí i torí fáírọ́ọ̀sì ò lè mú un. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Mọ́mì, tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá ti wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, ẹ dìde, ẹ lọ gbà á padà kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Ẹ ní èwo ni kẹ́ ẹ yàn, àmọ́ kò sí yíyàn kankan níbẹ̀ mọ́, ẹ ti yàn, ẹ sì ti sanwó ẹ̀ mọ́ owó láptọ́ọ̀pù. Windows tó bá kọ̀ǹpútà tuntun wá látinú páálí, wọ́n ti kọ product key ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé ẹ sanwó, sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ojúlówó lẹ ní lọ́wọ́, ẹnì kan wá fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ yín kó lè bá yín yọ ọ́ kúrò kó fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹrin tó máa béèrè nǹkan yìí lọ́wọ́ mi.

Pé Windows 11 wúwo, ó wúwo lóòótọ́ tí RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bá jẹ́ 4GB, torí 4GB ni Microsoft fúnra wọn pè ní èyí tó kéré jù tó lè gbé e, ẹni tó bá sì ti lò ó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìyà ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ 8GB pẹ̀lú SSD, ìyẹn díìskì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kò níí dà yín láàmú. Mi ò rí láptọ́ọ̀pù náà o, torí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ yín yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ 4GB, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé fi RAM kún, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣeé yọ tí kò ṣeé fi kún.

Home ò pé kẹ̀? Ohun tí Pro fi jù ú lọ ni nǹkan bíi kí kọ̀ǹpútà wọnú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ńlá, kí èèyàn máa ti ibòmíì darí ẹ̀, àti BitLocker tó ń ti díìskì pa. Ọmọ tó ń ṣe ND1 ò níí fi ìkankan ṣe nǹkan, Excel tó wà lórí Home náà ló wà lórí Pro. Ti Windows 10 ẹ̀wẹ̀, Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ẹ̀ láti 14 October 2025, àfikún ọdún kan péré ni wọ́n fún àwọn tó ń lò ó nílé tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá kúrò lórí èyí tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, kẹ́ ẹ padà sórí èyí tí wọ́n ti pa tì, nítorí kí ni?

Activator yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn tó ń fi sí i fún yín kì í ṣàlàyé ẹ̀. Microsoft ní ètò kan fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, KMS ni wọ́n ń pè é. Dípò kí wọ́n máa tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, kalẹ̀ nínú ọ́fíìsì, àwọn tó kù á máa lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ẹ̀. Server yẹn ò níí dá Windows kankan lóhùn títí kọ̀ǹpútà tó wá bá a á fi pé 25, àṣẹ tó bá sì fún wọn, ọjọ́ 180 ni, ọjọ́ méje-méje sì ni wọ́n ń padà lọ tún un ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ activator ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ayédèrú server yìí sínú láptọ́ọ̀pù yín, kó máa fàṣẹ fún ara ẹ̀. Níbo ni láéláé wà níbẹ̀? Ọjọ́ 180 ni! Kó má baà pé kó sì bọ́, nǹkan yẹn gbọ́dọ̀ máa gbé inú láptọ́ọ̀pù náà, kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tó ju ti ọmọ yín lọ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ẹni tó ṣe é.

Kó tiẹ̀ tó wọlé, ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí Windows Security, wọ́n á pa Real-time protection, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó ki flash wọn bọ̀ ọ́. Mọ́mì, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé lóru, kí lẹ rò pé ó wá ṣe?

Ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbowó lọ́dún tó kọjá, inú nylon ló wé e sí torí òjò. Gbogbo fáìlì ẹ̀ pátá ni lẹ́tà mẹ́rin kan ti so mọ́ nídìí, chapter 1 dé 4, ìdáhùn questionnaire tó fi oṣù méjì kó jọ, fọ́tò ìsìnkú bàbá ẹ̀, kò sí èyí tó ṣí. Nínú fọ́ldà kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ _readme.txt: kó san $980, àmọ́ tó bá tètè kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, $490. Djvu ni wọ́n ń pe irú fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa yìí, inú activator àti sọ́fítíwíà tí wọ́n já gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ló sì ti máa ń wọlé jù. Mo ní kí lo fi sí i gbẹ̀yìn, ó ní "wọn ò fi nǹkan kan sí i, wọ́n kàn bá mi activate Office ni." Irú èyí tó ṣeé tú lọ́fẹ̀ẹ́ wà, tiẹ̀ ò sí lára wọn. Chapter 1 àti 2 la rí, torí ó ti fi ránṣẹ́ sí supervisor ẹ̀ lórí email. Ó jókòó síbẹ̀ títí mo fi fẹ́ tilẹ̀kùn.

Mi ò ní gbogbo activator ló ń ṣe báyìí o, mi ò sì pe ọmọ àdúgbò yín lólè, ó ṣeé ṣe kóun gan-an má mọ ohun tó wà nínú flash ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa dáhùn tó bá ṣẹlẹ̀?

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Kí ọmọ yín di bọ́tìnnì Windows mú kó tẹ R, kó kọ slmgr /xpr, kó tẹ Enter. Tó bá ní "permanently activated," kì í ṣe irú activator ọlọ́jọ́ 180 yẹn ló wà lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ déètì ló gbé jáde lórí láptọ́ọ̀pù tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Update ń jẹ dátà, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má pa á. Lọ́dún 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní March, May ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì míì tó ń ti fáìlì pa, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tí ò ṣe update láàárín oṣù méjì yẹn ló kó wọn, títí kan àwọn ọsibítù ní ìlú Ọba. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé, tó bá ń lo hotspot fóònù, kó lọ sínú Settings, Network & internet, kó tan Metered connection fún hotspot yẹn, ó máa dín in kù gan-an. Tó bá wá rí Wi-Fi tàbí dátà òru, kó pa Metered connection yẹn, kó jẹ́ kí update wọlé. Kí bátìrì kún kó tó bẹ̀rẹ̀ o, torí iná.

Àbúrò yín ò parọ́ tán. Linux dáa, ọ̀fẹ́ ni, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ kéré, àmọ́ kì í ṣe pé kò sí. Tẹ́ ẹ bá ní tòkunbọ̀ àtijọ́ kan nílé tí ò lè gbé Windows 11, Linux Mint ni màá ní kẹ́ ẹ fi sí i. Àmọ́ Excel tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì kì í wọ orí ẹ̀ bó ṣe wà, LibreOffice ló máa lò, ó ń ṣí fáìlì Excel àmọ́ nígbà míì á dà á rú. Kí ọmọ má wá máa bá kọ̀ǹpútà jà dípò ìwé.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fọ́ọ̀mátì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí èyí, ẹ má sunkún. Kẹ́ ẹ wá flash 8GB tó ṣófo, kẹ́ ẹ lọ sórí sáìtì Microsoft fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ gba Media Creation Tool fún Windows 11, kẹ́ ẹ kó ohun tó bá wà nínú láptọ́ọ̀pù síbòmíì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí gbogbo ẹ̀ ló máa lọ. Tó bá béèrè irú Windows tẹ́ ẹ fẹ́, Home ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe Pro. Tó bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa rí key ẹ̀ nínú bọ́ọ̀dù, ẹ ò níí tẹ nǹkan kan.